Gbígba ìtàn ìlú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá

Gbígba ìtàn ìlú sílẹ̀ ni iṣẹ́ bíbéèrè, kíkọ àti títọ́jú ohun tí àwọn ará ìlú mọ̀ nípa ìtẹ̀dó, ọba, ogun, ọjà àti ìdílé wọn. Kí ìwé tó dé, orí àwọn arọ́kin, ìyẹn àwọn apìtàn ààfin Ọ̀yọ́, ẹnu àwọn onírárà àti ti àwọn obìnrin ilé tó ń ki oríkì orílẹ̀ ni ìtàn wà.

Ọ̀rọ̀ Àlùfáà Samuel Johnson ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì sọnù sí. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé. Àwọn Jámánì tún gba ọkọ̀ òkun Appam tó ń gbé e lọ ní 1916, wọ́n sì wà á dé Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìwé náà fi jáde ní 1921, Obadiah náà ti di olóògbé. Johnson dárúkọ àwọn àgbà tó bi léèrè, bíi Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ; ìdí nìyẹn tí òǹkàwé fi lè mọ ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Kí a tó béèrè ohunkóhun, ọ̀dọ̀ baálé là ń kọ́kọ́ lọ gba àyè. Ó kéré tán, ẹni 3 láti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí a bá sọ̀rọ̀, kí ọ̀kan má ṣe jẹ́ ọmọ oyè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni. Tí wọ́n bá jókòó pọ̀, ẹni tó dàgbà jù ni yóò sọ ọ́, ìyókù á máa ní "bẹ́ẹ̀ ni, bàbá". Àsìkò tí oyè ṣófo kò dára rárá: ìtàn ìdílé jẹ́ ẹ̀rí nínú ẹjọ́ oyè, ilé tí kò sì jọba mọ́ lè pòórá pátápátá nínú orúkọ àwọn ọba. Bí ìtàn méjì bá takora, a ó kọ méjèèjì pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, a kò gbọdọ̀ pò wọ́n di ọ̀kan.

Àgbà kì í sábà mọ ọdún, àmọ́ ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣé ó ti ń lọ síléèwé nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955? Ṣé ó ti bímọ kí náírà tó dé ní 1973? Fún ọ̀rọ̀ àwọn òbí rẹ̀, rélùwé tó wọ Ìbàdàn ní 1901 àti àjàkálẹ̀ àrùn 1918 wúlò.

Fóònù tó láti fi gba ohùn wọn sílẹ̀, bí a bá pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, tí a gbé e lé aṣọ tí a ká, tó jìnnà sí fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Wákàtí kan ohùn WAV (irú fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀) sítẹ́rió, ní 48 kHz àti bíìtì 24, ń gba nǹkan bíi GB 1. Ẹ̀dà 3 ló yẹ kó wà, kí ọ̀kan wà ní ìlú mìíràn. WhatsApp máa ń dín àwòrán kù, ó sì ń nu ọjọ́ tí a yà á. Bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni kí a fi ránṣẹ́. Nínú kíkọ, àmì ohùn ṣe pàtàkì: "Owu" lásán lè jẹ́ Òwu ìlú, òwú tí à ń ran, tàbí owú jíjẹ.

Ikán, ọ̀rinrin àti sẹ́lótéèpù ni ọ̀tá ìwé. Kànfọ̀ kì í lé ikán. Pẹpẹ tí a ń to ìwé sí gbọdọ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 kúrò nílẹ̀, kó má sì fara kan ògiri. Yàrá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá sàn ju èyí tí ẹ̀rọ amútutù rẹ̀ ń kú, tó ń jí bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Pẹ́ńsù ni kí a fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, torí bírò máa ń là sí iwájú.

Ohun tí àwọn awo ní kí a má gbé síta, kí a kọ ìkìlọ̀ náà sára fáìlì rẹ̀. Èyí tó kù, kí a kà á fún ẹni tó sọ ọ́ kó tó jáde. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rántí orúkọ ìyá ọba tí kò sẹ́ni tó béèrè.