Bí àìjẹunrekánú ṣe ń bá àgbàlagbà nínú ilé tí oúnjẹ wà

Àgbàlagbà lè máa jẹun lójoojúmọ́ l'Ábẹ́òkúta kí àìjẹunrekánú ṣì mú un. Ẹ wo abọ́ láfún rẹ̀. Oúnjẹ Ẹ̀gbá gidi ni, ó ń yó èèyàn, àmọ́ ẹ̀gẹ́ ni: purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Inú ọbẹ̀ ni purotéènì ń gbé, ọbẹ̀ yìí gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣàn.

Àgbàlagbà tó wọn kílò 60 nílò bíi gíráàmù 60 sí 72 purotéènì lóòjọ́. Ẹyin kan kò ju bíi 6 lọ.

Ọkọ sábà máa ń ju aya lọ lọ́jọ́ orí, obìnrin sì ń pẹ́ láyé, ìdí nìyẹn tí opó fi pọ̀ nínú àwọn tó ń dá gbé. Ìyá tó ti fi ogójì ọdún dáná fún èèyàn mẹ́jọ kì í rí ìdí tó fi yẹ kó dáná fún ẹnì kan. Á se ìkòkò kan lọ́jọ́ Ajé, á máa gbé e kaná títí di Ọjọ́bọ̀. Ata àti omi ló máa ń kù sí i. Ti bàbá tí ìyàwó kú fún tún burú: òun ò tiẹ̀ mọ ibi tí iyọ̀ wà.

Aláró Ìtòkú tàbí alátẹ Kútọ̀ kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ohun tọ́mọ bá fi ránṣẹ́ láti Èkó ló ń ná, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti gba tirẹ̀ kó tó kan ẹja. Owó tiẹ̀ lè wà, kí ilé wà lórí àpáta, kí orúnkún má jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́jà.

Èyí tí kì í hàn ni ìkìlọ̀ tí wọ́n gbọ́ lábọ̀. Dókítà ní kí alátọ̀gbẹ dín ẹ̀bà kù. Aládùúgbò ní kó fi ẹ̀wà náà sílẹ̀, ẹlòmíì ní kó má jẹ èso. Kò pẹ́, ó ku àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewébẹ̀. Tó bá wá rù, wọ́n á ní ara ogbó ni.

Téèpù télọ̀ lè tú àṣírí. Kó jókòó, kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ yí téèpù ká ibi tí ẹran ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù lábẹ́ orúnkún, ẹ má fún un. Bí kò bá pé sẹ̀ǹtímítà 31, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ tó wú máa ń tan téèpù jẹ o. Ìbéèrè MNA kúkúrú (Mini Nutritional Assessment, ìyẹn àyẹ̀wò bí àgbàlagbà ṣe ń jẹun tó) tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ní máàkì 14: 12 sókè dára, 8 sí 11 ń fẹ́ àmójútó, 7 sísàlẹ̀, àìjẹunrekánú ti wọ̀ ọ́ lára. Kò sí ìbéèrè kankan nínú rẹ̀ nípa ẹni tó ń bá a jẹun.

Bí eyín bá ti ká, gbẹ̀gìrì wà, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin wà, ẹja tí wọ́n ṣa egungun rẹ̀ wà, edé lílọ̀ nínú ewédú náà wà. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu ni kó kọ́kọ́ bi dókítà. Díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin sàn ju abọ́ ńlá kan lálẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, kàkà kí gbogbo owó tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lóṣù wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ san ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ẹlẹ́mọ̀ínmọ́ín àdúgbò tààrà, kí ọmọ tó bá gbé e wá sì jókòó tì í títí abọ́ á fi ṣófo.