Kí ọmọ yín tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi: iṣẹ́ ilé tí kò gba owó

Ìbéèrè tí àwọn ìyá máa ń kọ́kọ́ bi àwa olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni pé: "Àǹtí, ṣé ọmọ mi ò ti pẹ́ jù báyìí? Ọmọ aládùúgbò wa ti ń ka ABC." Ọmọ tí wọ́n ń wí lè má tíì ju ẹni ọdún mẹ́ta lọ. Kò pẹ́ rárá. ABC kọ́ ni mo sì máa ń wò lára ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì mi. Mo máa ń wò ó bóyá ó lè la ẹnu sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Bí mo bá ní, "Lọ mú ife rẹ wá, kó o wá jókòó," ṣé á ṣe méjèèjì, àbí á gbàgbé ọ̀kan? Ṣé ó lè ní sùúrù kó kàn án kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù? Ṣé ó lè ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kí n sì mọ ohun tó ń sọ? Ọmọ tó bá lè ṣe ìwọ̀nyí kò ní pẹ́ mọ ABC. Èyí tó ń ka 1 dé 100 lórí ahọ́n, àmọ́ tí kò lè mú ọsàn mẹ́ta fún mi nínú mẹ́wàá, iṣẹ́ ṣì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Ilé lọmọ ti ń kọ́ nǹkan wọ̀nyí, kì í sì í ṣe ilé olówó nìkan. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù wá láti Jàmáíkà. Láàárín 1986 sí 1987, dókítà kan tó ń jẹ́ Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of the West Indies yan ọmọ 129 ní àwọn àdúgbò tálákà ní Kingston. Ọmọ oṣù 9 sí 24 ni wọ́n, wọn ò sì ga tó ọjọ́ orí wọn nítorí àìrí oúnjẹ gidi jẹ. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́rin: àwọn kan ń gba oúnjẹ oní-mílíìkì kìlò kan lọ́sẹ̀, wọ́n ń bẹ àwọn kan wò nílé, àwọn kan ń rí méjèèjì gbà, àwọn yòókù ò rí ìkankan.

Àbẹ̀wò yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún méjì gbáko, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò máa ń wá jókòó ti ìyá àti ọmọ fún wákàtí kan. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe olùkọ́. Ó máa ń kó ohun ìṣeré tí wọ́n fi àlòkù ṣe dání. Á fi bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ṣeré han ìyá, ìyá náà á ṣe é lójú rẹ̀, á sì yìn ín. Tó bá ń lọ, á fi ohun ìṣeré náà sílẹ̀. Bó bá padà wá, á fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ẹni ọdún 22, àwọn olùwádìí tún wá wọn lọ, wọ́n sì rí 105 nínú wọn. Owó tí àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ fi ìdá 25 nínú 100 ju ti àwọn tí wọn ò bẹ̀ wò lọ. Ìwé ìròyìn Science ló gbé àbájáde náà jáde ní 2014. Oúnjẹ oní-mílíìkì nìkan ò mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá. Èyí ò ní kí a fi ebi pa ọmọ o! Ohun tó ń sọ ni pé ikùn tó yó nìkan ò tó.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn òbí lágbègbè wa, ìjọba ìbílẹ̀ ni o, ṣọ́ọ̀ṣì ni o, mọ́ṣáláṣí ni o, kíyè sí ohun kan: ìyá ni òṣìṣẹ́ yẹn lọ kọ́. Ohun tí a sábà máa ń ṣe níbí ni pé ká kó àwọn obìnrin jọ sí gbọ̀ngàn, ká gba máíìkì, ká bá wọn wí fún wákàtí méjì, ká pín ìrẹsì, kí oníkálukú máa lọ. Kò sẹ́ni tó rí wọn pẹ̀lú ọmọ wọn. Kò sẹ́ni tó yìn wọ́n.

Bí owó àbẹ̀wò ilé ò bá sì sí, ọ̀nà mìíràn wà. Ní erékùṣù mẹ́ta ní agbègbè Caribbean, Jàmáíkà, Antigua àti St Lucia, wọ́n ti fi fídíò kéékèèké han àwọn ìyá níbi tí wọ́n ti ń dúró gba ìtọ́jú ọmọ ní ilé ìwòsàn, òṣìṣẹ́ ìlera sì jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ohun tí wọ́n rí. Ọpọlọ àwọn ọmọ náà jí sí i. Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ṣe ń pẹ́ tó lórí ìlà abẹ́rẹ́ àjẹsára!

Àwọn ìyá kan máa ń sọ pé: "Èmi ò gbọ́ òyìnbó, kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ?" Èyí ló máa ń dùn mí jù. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ òyìnbó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú òyìnbó, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ yòókù. Èdè tó dá yín lẹ́nu ni kí ẹ máa bá ọmọ sọ.

Ìyá tó ń ta ata lè ṣe é nídìí igbá rẹ̀. "Bá mi mú tàtàṣé tó tóbi jù." "Rodo mélòó ló kù níbí?" "Èwo ló pọ́n, èwo ni kò tíì pọ́n?" Bó bá ṣì í, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ jọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jẹ́ kó máa bó ẹ̀pà, kó máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, torí ìka tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ló máa di pẹ́ńsù mú. Lálẹ́, ẹ pàlọ́ fún un: òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ẹ jẹ́ kó ronú dáadáa kí ẹ tó sọ fún un pé ẹ̀wà ni. Fún ọmọ ọwọ́, ẹ da ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò bíi mélòó kan sínú ike omi, kí ẹ dé e pinpin, kó máa mì ín. Ìdérí lásán ò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, kó má baà há a lọ́fun.

Ẹ̀yin bàbá náà ń kọ́? Ọ̀rọ̀ yín wúlò fún ọmọ bíi ti ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án náà gbọ́dọ̀ gbọ́ nǹkan wọ̀nyí, torí òun ló wà pẹ̀lú rẹ̀ jù.

Bó bá jẹ́ pé oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀ ni ọmọ yín máa wọlé, tí ẹ ò sì tíì ṣe ìkankan nínú èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ jẹ́ kó máa dá bọ́ ṣòkòtò fúnra rẹ̀, kó mọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, kó sì máa tún ìtàn àná sọ fún yín. Àmọ́ bí ọmọ bá ti pé ọdún méjì tí kò tíì sọ̀rọ̀ kankan, tàbí tí wọ́n ń pè é tí kì í yíjú, ẹ má dúró de ilé ìwé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò.