Lílé ìjì ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà: kí ni wọ́n ń wá lọ?

Kí ló lè mú kéèyàn wa ọkọ̀ lọ pàdé ìjì tí aráyé ń sá fún?

Iṣẹ́ ìwádìí ni fún àwọn kan, fọ́tò ni àwọn mìíràn ń wá. Àmọ́ wọ́n wúlò ju bí a ṣe rò lọ. Bí rédà, ẹ̀rọ tó ń wo òjò àti ìjì láti òkèèrè, bá jìnnà sí ìjì, apá òkè ìjì nìkan ló ń rí. Ojú ẹni tó wà níbẹ̀ ló lè jẹ́rìí pé tọ̀nédò, ààjà ńlá tó ń wó ilé, ti balẹ̀ lóòótọ́.

Ṣé láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń sáré?

Rárá o. Ìdúró ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láàárọ̀, wọ́n á yẹ máàpù ojú ọjọ́ wò, ní pàtàkì láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Wọ́n ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ olóoru láti òkun Gulf of Mexico ti ń pàdé afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, ní Texas, Oklahoma tàbí Kansas. Lẹ́yìn náà, wọ́n á páàkì sílé epo kan, oòrùn á máa ta wọ́n. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan sábà máa ń wà lókè tó dé ooru mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Bí kò bá ṣí, ọjọ́ náà ṣòfò nìyẹn. Bó bá ṣí, kó tó pé wákàtí kan, òjò á ti ṣú gọ̀ǹgọ̀, orí rẹ̀ á ga ju kìlómítà 12 lọ.

Ibo ni wọ́n ń dúró sí?

Gúúsù ìlà-oòrùn ìjì ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Òjò àti yìnyín sábà máa ń wà níhà àríwá. Tọ̀nédò sì sábà máa ń jáde lápá ẹ̀yìn ìjì, lábẹ́ ìkùukùu dúdú tí òjò kò rọ̀ nídìí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ wọn lẹ́yìn, koríko pápá á sì dorí kọ ìjì, torí ìjì ló ń fà á sára. Ọ̀nà àtisá lọ sí gúúsù gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀.

Ṣé gbogbo ìjì bẹ́ẹ̀ ló ń bí tọ̀nédò?

Ó tì. Èyí tó pọ̀ jù kì í bí i.

Ewu ńkọ́?

Ó pọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2013, nítòsí El Reno ní Oklahoma, tọ̀nédò kan fẹ̀ tó kìlómítà 4.2, ó ṣàdédé yí ọ̀nà padà, òjò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ó pa mẹ́ta nínú àwọn tó ń lé ìjì fún ìwádìí: Tim Samaras, Paul ọmọ rẹ̀, àti Carl Young. Ó dùn mí gan-an, torí Samaras kì í ṣe aláìbìkítà. Ní 2003, ó gbé ẹ̀rọ kan sójú ọ̀nà tọ̀nédò ní Manchester, South Dakota, ẹ̀rọ náà sì fi hàn pé ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́ já wálẹ̀ ní 100 mílíbà (òṣùwọ̀n ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́).

Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣíwọ́?

Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọ̀pọ̀ a padà, torí mọ̀nàmáná nìkan ló kù tó ń fi ìjì hàn. Bí ìjì bá sì kọlu ìlú, eré ìjì tán nìyẹn: àwọn tó wà nítòsí á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa wá àwọn tó há sábẹ́ àwókù ilé.