Ajílẹ̀ tó dì kì í ṣe ayédèrú

"Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi!" Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń sọ nìyẹn bí wọ́n bá tú àpò ajílẹ̀ yúríà tí wọ́n sì bá a tó dì gbagidi. Ẹlòmíràn á búra pé òun ò ní ra ajílẹ̀ mọ́ láé. Ó máa ń dùn mí, torí àgbàdo ló ń jìyà ìfura yìí.

Yúríà a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Bó bá pẹ́ ní ìsọ̀, á dì. Ṣùgbọ́n nitrogen inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń bọ́ irè oko, kò tìtorí ìyẹn sá lọ: ìdá 46 nínú 100 ni, ìyẹn kílò 23 nínú àpò kílò 50. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kó lè tàn dọ́gba lóko, ó tán.

Àwọn olùwádìí ra ajílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní agbègbè Morogoro, lórílẹ̀-èdè Tanzania, wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló pé bó ṣe yẹ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ gbà pé wọ́n ń bu nǹkan lù ú. Ojú ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, yúríà tí a dà sórí ilẹ̀ láìfi erùpẹ̀ bò ó, afẹ́fẹ́ lè gbé nínú nitrogen rẹ̀ lọ. Bí irè ò bá wá dára, ẹni tó tà á la ó máa bú.

Ayédèrú wà o. Ní Kenya lọ́dún 2024, ajílẹ̀ tí kò kúnjú ìwọ̀n dé ọwọ́ àgbẹ̀ láti inú ètò ẹ̀dínwó ìjọba gan-an. Ojú kò lè ka èròjà; àyẹ̀wò nìkan ló lè kà á. Ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi ṣe òfin lórí ojúlówó ajílẹ̀ lọ́dún 2019: ẹni tó ń ṣe é tàbí tó ń kó o wọlé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ohun tó wà nínú àpò gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n kọ sí i lára mu, ìwọ̀n rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé.

Kóńgò ló ń ba èyí jẹ́ fún wa. Bí oníṣòwò bá ti tú àpò tó ń wọ̀n ọ́n tà, àkọlé kò tẹ̀ lé e délé mọ́. Bí agbára yín bá gbé e, ẹ̀yin méjì tàbí mẹ́ta ẹ dáwó ra odidi àpò, kí ẹ sì wo ojú ìránṣọ rẹ̀ bóyá wọ́n ti tú u rí. Bí ara bá ṣì ń fu yín, ẹ bu díẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, kí ẹ gbé e pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba tó wà nítòsí yín.