Ohun Tó Yẹ Kó Yí Bíà Ká Nígbà Tó Bá Ń Hó Nílé

Bí ìwúkàrà bá ṣe ń jẹ ṣúgà inú omi ọkà tí a sè, bẹ́ẹ̀ náà ló ń tú ooru jáde. Iṣẹ́ ìwúkàrà yìí ni à ń pè ní híhó, kì í ṣe híhó orí iná. Bíà lítà 20 tó ń hó gidigidi lè fi ìwọ̀n 3 sí 5°C gbóná ju yàrá tí a gbé e sí lọ. Nínú yàrá tó bá wà ní 29°C, bó ti sábà máa ń rí ní Ìbàdàn tàbí Èkó, inú ike ọtí lè wọ 32°C kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Bẹ́ẹ̀, 18 sí 22°C ni ọ̀pọ̀ ìwúkàrà ale (irú bíà tí kì í fẹ́ òtútù púpọ̀) ń fẹ́, ti lager (irú tó ń hó níbi tútù) sì ń fẹ́ 8 sí 13°C. Irú ooru yìí kì í pa ìwúkàrà. Ṣe ló ń lé e sáré, yóò wá máa pọn oríṣi ọtí mìíràn mọ́ ti gidi, èyí tó ń ta ọ̀fun, tí òórùn rẹ̀ jọ ti tínà àwọn akunlé. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ẹni tó bá di ọjọ́ kẹrin kó tó wá omi dídì ti pẹ́, torí òórùn náà kì í lọ mọ́.

Iṣẹ́ méjì tó takora ni ohun èlò ń ṣe níbí. Ohun tó kan ọtí gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ooru kọjá. Ohun tó bo gbogbo rẹ̀ láti ìta gbọ́dọ̀ dí ooru lọ́nà. Ohun tútù ló sì gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá kàn fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ike ọtí kí ooru má bàa wọlé, ooru ìwúkàrà fúnra rẹ̀ ló sé mọ́ inú.

Irin tí kì í dípata ń gbé ooru tó nǹkan bí ìlọ́po 30 ju ike lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nílé, torí ara ike kò nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Afẹ́fẹ́ tó yí i ká ló ń dá iṣẹ́ dúró. Ẹ gbé ike kan náà sínú báàfù omi, ooru á máa jáde kíákíá. Nítorí náà, ike tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, tó ní àmì 2 nídìí, ti tó. Bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kò dára, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Èyí tí inú rẹ̀ bá ti ha kò yẹ fún ọtí mọ́, ojú ibi tó ha ni kòkòrò tó ń ba ọtí jẹ́ ń sá pamọ́ sí.

Kí lítà 20 tó fi ìwọ̀n 1°C tutù, ooru tó tó 84 kilojoule (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka ooru) gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀. Kìlógíráàmù 1 omi dídì ń gba 334 kilojoule kó tó yọ́ tán. Ike omi lítà 1.5 tí a rọ omi lítà 1.3 sí kí ó má bàa bẹ́, tí a gbé dì, lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 5 tu ọtí náà. Bí omi báàfù bá jẹ́ lítà 20 pẹ̀lú, wọ́n á pín in sí méjì. Gbogbo ooru tí ìwúkàrà yóò tú jáde nínú bíà lítà 20 tí kò le púpọ̀ kò ju nǹkan bí 1,000 kilojoule lọ, ìyẹn kìlógíráàmù 3 omi dídì péré. Bí ike mẹ́rin bá ń yọ́ lóòjọ́, yàrá ló ń jẹ wọ́n.

Ibẹ̀ ni fóòmù ti wúlò. Fóòmù funfun oníhóró, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, ló dára jù. Kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí a fi téèpù lẹ ojú ìpàdé rẹ̀, kí a sì dá ihò sí i fún afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ọtí. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kò ṣe é lò, ó ń mu omi, fóòmù tó bá sì ti mu omi kò dí ooru mọ́. Kúlà ńlá tí wọ́n ń gbé lọ òde ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Lásìkò ọyẹ́, a lè má nílò omi dídì púpọ̀. Táwẹ́ẹ̀lì òwú tí etí rẹ̀ wọ omi báàfù, pẹ̀lú fáànù, ń ṣiṣẹ́ dáadáa: lítà omi 1 tó bá gbẹ ń kó nǹkan bí 2,400 kilojoule lọ. Ṣùgbọ́n kò sí àpótí fóòmù níbẹ̀ o, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kan táwẹ́ẹ̀lì. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, táwẹ́ẹ̀lì kì í gbẹ, fáànù kàn ń jẹ iná lásán ni.

Fírísà tó ní ẹ̀rọ tó ń tàn án tó sì ń pa á ló dájú jù, bí iná bá wà. Ẹnu okùn tó ń wọn ooru ni wọ́n sábà máa ń ṣì gbé. Bó bá ń fì nínú afẹ́fẹ́ fírísà, yóò máa tàn, yóò máa pa láìsinmi. Ara ike ni kó wà, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọtí dé, kí a fi fóòmù bò ó kí a sì fi téèpù dè é. Kí a fi ìṣẹ́jú 5 sáàárín pípa àti títàn, kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ má bàa jó.

Ẹni tó bá fẹ́ ri páìpù omi tútù sínú ọtí, irin tí kì í dípata ni kó lò. Bàbà yá gbé ooru, àmọ́ bíà máa ń kan lẹ́nu, kíkan rẹ̀ sì ń jẹ bàbà díẹ̀díẹ̀. Coolant ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ páìpù náà láé. Májèlé ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, jíjò kékeré lè pa èèyàn.

Níbi tí iná kì í ti í wá fún ọjọ́ méjì, ìwúkàrà ló yẹ kí a pààrọ̀. Kveik, irú ìwúkàrà kan tí àwọn àgbẹ̀ Norway ń tọ́jú láti ìran dé ìran, ń ṣiṣẹ́ láàárín 30 sí 40°C, ọtí rẹ̀ kì í sì í rùn bíi tínà. Báàfù omi lítà 40 láìsí omi dídì ti tó fún un, kí ooru rẹ̀ má bàa máa lọ sókè sódò láàárín ọ̀sán àti òru.