Purotéènì àti ìlera sẹ́ẹ̀lì lára àwọn eléré ìdárayá

Purotéènì ni èròjà oúnjẹ tí ara fi ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì, tí ó sì fi ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Ásíìdì amínò 20 ni ara ń so pọ̀ di purotéènì. 9 nínú wọn ni àgbàlagbà kò lè pèsè fúnra rẹ̀, àfi kó rí wọn nínú oúnjẹ.

Ìwọ̀n tí a sábà ń là sílẹ̀ fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ni gíráàmù 0.8 lójúmọ́ fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Ti eléré ìdárayá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti 1.2 dé 2.0, ẹni tó bá wọ̀n ní kìlógíráàmù 70 yóò wá nílò gíráàmù 84 sí 140 lójúmọ́.

Ohun tó fà á ni pé eré ìdárayá tó le máa ń dá ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ sí àwọn fọ́nrán iṣan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́nrán wọ̀nyí tí wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ gbogbo, ṣùgbọ́n tí ọgbẹ́ bá ti dé, wọn a jí, wọn a pọ̀ sí i, wọn a sì dà pọ̀ mọ́ fọ́nrán tó bàjẹ́ kí ó lè san. Leucine, tí í ṣe ọ̀kan lára àwọn 9 yẹn, ló ń ta ètò tí wọ́n ń pè ní mTOR jí nínú sẹ́ẹ̀lì, kí iṣẹ́ híhun purotéènì tuntun lè bẹ̀rẹ̀. Iṣan a máa wà ní ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí fún wákàtí 24 ó kéré tán lẹ́yìn eré. Ìdí nìyí tí àpapọ̀ ohun tí eléré jẹ láti àárọ̀ dalẹ́ fi ṣe pàtàkì ju ìkánjú àtijẹun ní kété tó bá parí eré lọ. Gíráàmù 20 sí 40 nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ti tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Àṣìṣe ńlá ni láti rò pé títóbi iṣan nìkan ni purotéènì wà fún. Òun náà ni ara fi ń ṣe hemoglobin tí ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń gbógun ti àrùn, àti àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń sọ oúnjẹ di agbára nínú mitochondria, ìyẹn ilé iṣẹ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí asáré ọ̀nà jíjìn gbára lé gidigidi. Ásíìdì amínò mẹ́ta ló sì para pọ̀ di glutathione, tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ àwọn èérí tí iṣẹ́ agbára ń bí.

Bí oúnjẹ tí ń fúnni lágbára kò bá tó, ara yóò máa jó purotéènì bí epo, àtúnṣe sẹ́ẹ̀lì yóò sì fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ní àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn dókítà kó tó fi kún èyí tó ń jẹ. Ní ti purotéènì oníyẹ̀fun, kì í ṣe dandan, nítorí ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà lè pèsè èyí tó tó. Àwọn mìíràn nínú rẹ̀ tilẹ̀ ti ní oògùn tí a kà léèwọ̀ nínú láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára agolo, bẹ́ẹ̀ eléré fúnra rẹ̀ ni òfin WADA, àjọ àgbáyé tí ń gbógun ti lílo oògùn èèwọ̀ nínú eré ìdárayá, ń bi léèrè ohunkóhun tí wọ́n bá rí lára rẹ̀.