Kí Ló Kan Dókítà Ọkàn Pẹ̀lú Ibà?

Ìbéèrè: Màmá wa ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà ọkàn tó ń ṣèwádìí níbẹ̀ fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ló bá ń bi wọ́n bóyá ibà ṣe wọ́n láìpẹ́, bóyá eyín ń dùn wọ́n. Kí ló kàn án?

Ìdáhùn: Ó kàn án gan-an ni. Ohun tó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ màmá ni CRP, purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ máa ń tú jáde bí ibì kan bá wú nínú ara. Iṣan ẹ̀jẹ̀ náà máa ń wú. Ọ̀rá á wọ ara ògiri rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun á tẹ̀ lé e láti gbé e mì, wọ́n á jẹ ẹ́ títí wọ́n á fi kú síbẹ̀, ibẹ̀ á di kókó. Ọjọ́ tí èèpo kókó yẹn bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí.

CRP tí iṣan tó wú máa ń fà kì í pọ̀. Kò tó mílígíráàmù 1 nínú lítà kan: ewu kéré. 1 sí 3: ó wà láàárín. Ó ju 3 lọ: ewu ti ga. Ibà lásán sì lè gbé e kọjá 10! Tó bá ti ju 10 lọ, kí ara kọ́kọ́ yá, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò. hs-CRP ni kí ẹ ní kí láàbù ṣe. CRP lásán kì í rí iye tó kéré bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n tún fún wọn lápá pa fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo iṣan. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Rárá, apá kàn máa ń kú tipiri ni. Bí wọ́n bá tú u, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, iṣan tó dá ṣáṣá á sì fẹ̀ sí i láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Èyí tó ti wú kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó le síbẹ̀ rèé: iṣan tó fẹ̀ tó mílímítà 4, tó bá fi ìdá 5 nínú 100 fẹ̀ sí i, mílímítà 0.2 péré ni. Kí ọwọ́ ẹni tó di ẹ̀rọ mú yẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́. Oúnjẹ àti kọfí náà lè yí bí iṣan ṣe ń fẹ̀ padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí màmá má jẹun wá, kí wọ́n má mu kọfí.

Ìbéèrè: Ọdún mélòó ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ọkàn?

Ìdáhùn: Mẹ́fà ní yunifásítì, ọ̀kan fún háúsìjọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún àgùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà ló kan rẹ́sídẹ́ǹsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ láti di dókítà àkànṣe, tó máa ń gbà tó ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ìwádìí lórí iṣan tó ń wú yìí ti mú oògùn wá?

Ìdáhùn: Ó ti mú un wá. Lọ́dún 2017, ìwádìí CANTOS, tí 10,061 èèyàn kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé canakinumab, abẹ́rẹ́ tó ń dín wíwú kù, dín ìkọlù ọkàn kù, àmọ́ àrùn tó ń wọlé sára pa èèyàn púpọ̀ sí i. Colchicine, oògùn àtijọ́ fún gout (àrùn tó ń mú oríkèé wú), ló ṣe é lò jù: Amẹ́ríkà fọwọ́ sí mílígíráàmù 0.5 lójúmọ́ ní 2023. Ẹ má rà á fún màmá ní kẹ́mísì láìsọ fún dókítà wọn. Bí kíndìnrín bá ti ń ṣàìsàn, oògùn náà á máa gbára jọ nínú ara ni.